Ẹ Bi Mí Léèrè: Ìgbà wo ló yẹ kí nọ́ńbà fáìlì yí padà?

Lẹ́tà mẹ́rin ló bọ́ sójú ìwé wa lóṣù yìí, ibì kan náà sì ni gbogbo wọn dorí kọ: sọ́fítíwíà tuntun dé, fáìlì àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì mọ ara wọn mọ́. Nọ́ńbà fáìlì tí a ń sọ ni nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì, tó ń sọ fún sọ́fítíwíà bí wọ́n ṣe to ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ti ń bá àwọn oníṣòwò Abẹ́òkúta tọ́jú àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí dísíkì pẹlẹbẹ ṣì wà lóde, mi ò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà tó báyìí. Èsì àkọ́kọ́ gùn. Ẹ wá àga jókòó.

LẸ́TÀ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ kọ áàpù fún àwọn oníàdìrẹ ní Ìtòkú. Orí fóònù Android ló ti ń ṣiṣẹ́, SQLite, sọ́fítíwíà dátábéèsì tó ń kó gbogbo dátà sínú fáìlì kan ṣoṣo, la sì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀: aṣọ tó wọlé, èyí tó jáde, gbèsè tí oníbàárà jẹ. Àwọn ìyá oníṣọ́ọ̀bù máa ń fi fáìlì náà ránṣẹ́ sáwọn ọmọ wọn lórí WhatsApp kí wọ́n lè bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀dà 1.4 ló wà lóde báyìí, 2.0 la fẹ́ gbé jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní níwọ̀n ìgbà tí áàpù ti di 2.0, kí nọ́ńbà fáìlì náà di 2. Èmi ní rárá, torí kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo la fi kún tébù títà, èyí tí a ń kọ irú aró sí, bóyá aró ẹ̀lú ni àbí aró òyìnbó. Nǹkan yòókù tí a tún ṣe ni pé owó tí a ń kọ ní náírà tẹ́lẹ̀, kọ́bọ̀ la wá ń kọ ọ́ báyìí, torí ìṣirò tó ní ìdá náírà nínú, bíi 9.50, ń dà wá láàmú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí ìrísí tébù padà rárá. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa kì í tètè gba ẹ̀dà tuntun nítorí owó dátà. Ta ló gbà á nínú àwa méjèèjì?
*Akáàpù, Ìtòkú*

ÈSÌ

Àbúrò, ohun tó yẹ kí ẹ máa jà lé lórí, ńṣe lo kàn fẹnu bà á kọjá nínú lẹ́tà rẹ: kọ́bọ̀ yẹn.

Mú ìyá kan tó ṣì ń lo 1.4. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ọbáńtokò ti gba 2.0. Ọmọ náà bá a ta àdìrẹ yáàdì márùn-ún ní ₦9,500, ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó sì fi fáìlì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ohun tó wà nínú fáìlì náà ni 950000. 1.4 kò gbọ́ nǹkan kan rí nípa kọ́bọ̀. Yóò ka ₦950,000, kò ní kígbe, kò ní kọ̀, kò ní fura. Ìyá á wá máa wá ẹni tó ra aṣọ kan ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé bí ìyá fúnra rẹ̀ bá kọ títà mìíràn sínú fáìlì yìí kan náà, náírà ló máa kọ. Náírà àti kọ́bọ̀ á dàpọ̀ nínú kọ́lọ́ọ̀mù kan, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó lè ṣà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Òótọ́ lo sọ pé tébù kò yí padà. Ìtumọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yí padà, ìyẹn sì lágbára ju kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́wàá lọ. Nítorí náà nọ́ńbà fáìlì yín gbọ́dọ̀ yí. Ọ̀rẹ́ rẹ ló gbà á.

Ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ mú wá ni mi ò gbà. Nọ́ńbà 2.0 tí ẹ fẹ́ kọ sára áàpù, ẹ̀yin àti oníbàárà yín lẹ jọ ni ín. Ó lè jẹ́ pé ẹ yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ó lè jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kún owó rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Nọ́ńbà orí fáìlì, àwọn áàpù ló ni ín. Òun ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè méjì yìí: Ṣé mo lè ka èyí? Ṣé mo lè kọ nǹkan sí i láìbà á jẹ́? Bí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ bọ́tìnnì kan lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí kò rówó dátà rà.

Ẹ wo SQLite tí ẹ ń lò gan-an. Ẹ fi ohun èlò tó ń fi báìtì, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di fáìlì, hàn ṣí fáìlì rẹ̀ èyíkéyìí. Báìtì 16 àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà "SQLite format 3" pẹ̀lú òdo kan níparí. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 3.0.0 ti jáde ní 2004 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà tó ti jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn tó ń ṣe é ti kéde pé àwọn fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di 2050.

PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn tó máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá, gba ọ̀nà mìíràn. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ẹ̀dà ńlá jáde, fódà dátà tí ẹ̀dà 15 bá sì ṣẹ̀dá, ẹ̀dà 16 kò ní gbà á. Fáìlì kékeré kan wà nínú fódà náà tó ń jẹ́ PG_VERSION. Bí nọ́ńbà inú rẹ̀ kò bá bá a mu, sáfà, ìyẹn PostgreSQL fúnra rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, á kọ̀ láti dìde, á sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní láti lo ohun èlò ìgbéga tó ń jẹ́ pg_upgrade, tàbí kó kó gbogbo dátà jáde kó tún kó o wọlé. Ṣùgbọ́n láàárín ẹ̀dà kékeré, bíi 15.3 sí 15.4, wọn kì í yí bí fáìlì ṣe rí lórí dísíkì padà. Ìyàtọ̀ náà kò ṣòro lóye. Dátà PostgreSQL jókòó sójú kan, ó ní alámòójútó. Fáìlì SQLite ń rìn kiri, bí tiyín ṣe ń gba orí WhatsApp lọ láti Ìtòkú dé Ọbáńtokò. Fáìlì tó ń rìn kiri kò gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ nọ́ńbà bí ẹni ń pààrọ̀ fìlà.

Ìdánwò tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa ń gbé fáìlì tuntun fún áàpù àtijọ́, mo sì máa ń wo ohun tó máa fi ṣe. Torí rẹ̀ ni fóònù àtijọ́ kan ṣe wà lórí tábìlì mi ní Sápọ́n tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dà tuntun ohunkóhun sí. Ìdàkejì rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń dán wò, ìyẹn fáìlì àtijọ́ nínú áàpù tuntun. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò tó. Bí áàpù àtijọ́ bá ka fáìlì tuntun bó ṣe yẹ, tó sì kọ sí i láìba nǹkan kan jẹ́, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà. Bó bá lè kà á dáadáa ṣùgbọ́n tí kíkọ rẹ̀ máa ba nǹkan jẹ́, ẹ jẹ́ kó máa kà á nìkan. Bó bá máa kà á sódì, ẹ tì í síta pátápátá. Kọ́bọ̀ yín, ìpele kẹta yìí ló wà.

SQLite fúnra rẹ̀ ní àyè fún ìpele kejì àti ìkẹta yìí. Nínú orí fáìlì, ìyẹn apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, báìtì 18 wà fún ẹni tó fẹ́ kọ, báìtì 19 wà fún ẹni tó fẹ́ kà. Bí nọ́ńbà kíkọ bá ga ju èyí tí SQLite inú áàpù náà mọ̀ lọ, tí nọ́ńbà kíkà kò sì ga jù, fáìlì á ṣí fún kíkà nìkan. Bí nọ́ńbà kíkà náà bá ga jù, kò ní ṣí rárá. Ní 2010, ẹ̀dà 3.7.0 mú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní WAL dé, níbi tí àyípadà tuntun ti máa ń kọ́kọ́ bọ́ sínú fáìlì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tóbi. Áàpù àtijọ́ kò mọ̀ pé fáìlì kejì wà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa kà, á sì rò pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà wọ́n sọ nọ́ńbà méjèèjì di 2 nínú fáìlì tó bá ń lo WAL, SQLite tó ti pẹ́ ju 3.7.0 lọ á sì kọ̀ ọ́ pé kì í ṣe dátábéèsì. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé bí ẹ bá yọ fáìlì yẹn kúrò ní WAL, nọ́ńbà méjèèjì á padà sí 1, SQLite àtijọ́ á sì tún gbà á. Ohun tó wà nínú fáìlì ló ń pinnu nọ́ńbà. Sọ́fítíwíà tó kọ ọ́ lè jẹ́ ti àná, ìyẹn ò kàn án.

Ká wá sórí kọ́lọ́ọ̀mù aró yín. Òun nìkan kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ yí nọ́ńbà padà, bí 1.4 bá ń dárúkọ kọ́lọ́ọ̀mù nígbà tó bá ń kọ. Lọ wo kóòdù yín. Bí ẹ bá kọ àṣẹ ìfikún INSERT INTO tita VALUES láìdárúkọ kọ́lọ́ọ̀mù kankan, lọ́jọ́ tí kọ́lọ́ọ̀mù tuntun bá wọlé, 1.4 kò ní lè kọ títà kankan mọ́. SQLite á ní iye nǹkan tí ẹ kó wá kò bá iye kọ́lọ́ọ̀mù mu. Bí ẹ bá dárúkọ wọn, tí kọ́lọ́ọ̀mù tuntun sì lè ṣófo, 1.4 á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Títà tó bá kọ kò kàn ní ní irú aró lára ni, ìyá oníṣọ́ọ̀bù á sì fojú rẹ̀ wo aṣọ náà kó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ká ní kọ́lọ́ọ̀mù tuntun náà jẹ́ àròpọ̀ gbèsè oníbàárà, tó yẹ kó yí padà nígbàkúùgbà tí títà bá wọlé, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. 1.4 á kọ títà sílẹ̀, kò ní fọwọ́ kan àròpọ̀, fáìlì á sì máa purọ́ látọjọ́ náà lọ. Irú ìyẹn ni kíkà nìkan wà fún.

Ibi tí ẹ máa kọ nọ́ńbà tiyín sí ti wà nílẹ̀. Báìtì mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ láti ipò 60 nínú orí fáìlì ló ń jẹ́ user_version. SQLite kì í lò ó fún ara rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù ló yà á sọ́tọ̀ fún. SQLiteOpenHelper, ohun èlò Android tó ń bá áàpù ṣí fáìlì SQLite, ibẹ̀ náà ló ń kọ nọ́ńbà tí ẹ bá fún un sí. Kí o sì kíyè sí èyí: bí áàpù bá pàdé nọ́ńbà tó ga ju tirẹ̀ lọ, apá kóòdù tó ń jẹ́ onDowngrade ni Android máa pè, bí ẹ ò bá sì kọ onDowngrade tiyín, kíkọ̀ ló máa kọ̀, áàpù á sì kú fin-ín lójú oníbàárà. Owó ìyá oníṣọ́ọ̀bù ni kíkọ̀ yẹn ń dáàbò bò, mo gbà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí fóònù rẹ̀ kàn ṣú lójú ọjà kò lè mọ̀ pé ààbò ni. Ẹ jẹ́ kí áàpù sọ ọ́ ní Yorùbá pé: "Áàpù tuntun ló kọ fáìlì yìí. Àkọsílẹ̀ yín kò sọnù. Ẹ gba ẹ̀dà 2.0 kí ẹ tó ṣí i."

1.4 tó ti wà lóde kò lè sọ ohun tí ẹ ò kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbé 1.5 jáde ṣáájú. Kí ó má ní ẹwà tuntun kankan. Kí ó kàn mọ bí a ṣe ń ka kọ́bọ̀ nígbà tó bá rí nọ́ńbà tuntun, kí ó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tútù sọ pé òun kò lè ṣí fáìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ju èyí tó mọ̀ lọ, kí ó sì máa bá náírà lọ nínú fáìlì tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tàn ká Ìtòkú fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí 2.0 bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ fóònù á ti mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀nà kan tún wà fún ẹni tí kò fẹ́ yí nọ́ńbà rárá: ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù owó náírà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ dá kọ́lọ́ọ̀mù kọ́bọ̀ tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí kọ́bọ̀ bá ṣófo, kí 2.0 fi 100 sọ náírà di púpọ̀. Ó máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi 1.4 tún iye owó títà àtijọ́ kan ṣe. Náírà á yí, kọ́bọ̀ kò ní yí, méjèèjì á sì máa bá ara wọn jiyàn. Ní ọjà tí wọ́n ti ń dúnàádúrà títí oníbàárà fi gbé aṣọ lọ, mi ò ní gbé e síbẹ̀.

LẸ́TÀ

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Kútọ̀. Inú Access, sọ́fítíwíà dátábéèsì inú Office, la máa ń kọ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá àti èyí tí wọ́n ń yá sí. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe fi Office tuntun sí tèmi, ó ní òun á sọ fáìlì wa di tuntun pẹ̀lú kó lè máa yá, mo sì ní kó ṣe é. Láti ìgbà yẹn ni akọ̀wé wa kò ti lè ṣí i mọ́ lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ní Ìbarà, Office 2003 ló wà níbẹ̀. Ó ti ń sọ kiri pé mo ti ìwé owó mọ́lẹ̀. Ṣé àkọsílẹ̀ wa ti sọnù ni?
*Ìyá Akápò, Kútọ̀*

ÈSÌ

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù, ẹ sì lè fi ojú ìwé yìí han akọ̀wé.

Ẹ wo ìparí orúkọ fáìlì náà. Tẹ́lẹ̀, mdb ló máa wà níbẹ̀. Ní báyìí, accdb ni. Access 2007 ló mú accdb dé, Office 2003 sì ti jáde ṣáájú rẹ̀. Kò lè ka ohun tí kò tíì sí nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣe Access, mo gbà pé nọ́ńbà tọ́ sí yíyí, nítorí accdb lè gba àwòrán àti ìwé mọ́ra nínú àkọsílẹ̀, ó sì lè gba ju ìdáhùn kan lọ sójú kan náà, àwọn nǹkan tí mdb kò ní àyè fún. Wọ́n tún yí ìparí orúkọ padà kí ojú lè rí i láìṣí fáìlì. Ìyẹn dára.

Ẹni tó tún kọ̀ǹpútà yín ṣe ni mo ní ọ̀rọ̀ bá. Kí ó tó sọ fáìlì ẹgbẹ́ di tuntun, ó yẹ kó béèrè ẹni mélòó ló ń ṣí i. Kò sì sí ohun tó fi dandan lé e, torí Access tuntun máa ń ṣí mdb ti 2000 àti 2002–2003 láìyí i padà. Èyí tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ ni ti Access 97. Láti Access 2013 ni kò ti lè ṣí i mọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí, Màmá. Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì náà kọ sórí fláàṣì kan, kí ẹ gbé e pamọ́. Kí ẹ wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí ẹ lo Save As, kí ẹ mú Access 2002–2003. Bí ẹ kò bá tíì fi àwòrán tàbí irú nǹkan tuntun bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀, á gbà, akọ̀wé á sì lè ṣí i. Mdb àtijọ́ ṣeé ṣe kó ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n yí i padà ni àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ parí sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kọ owó sínú ìyẹn, kí ìwé owó má baà di méjì.

LẸ́TÀ

Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni wá ní FUNAAB. Àwa mẹ́rin la ń kọ sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oko ẹ̀gẹ́, a sì dá fọ́máàtì fáìlì tiwa, ìyẹn ìlànà tí a fi ń to nǹkan sínú fáìlì, sílẹ̀ fún un. Bí ẹnì kan bá yí nǹkan padà lówùúrọ̀, fáìlì tí ẹlòmíràn fi ń dán an wò á ti bàjẹ́ lọ́sàn-án. Ṣé kí a máa yí nọ́ńbà padà ní gbogbo ìgbà ni, àbí kí a dúró dọjọ́ tí a máa gbé e jáde?
*Mẹ́rin ní Alábàtà*

ÈSÌ

Nínú ilé, ẹ máa yí i padà nígbàkúùgbà. Lójú òde, ẹ yí i ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń kọ kóòdù, àwọn tó ń kọ PostgreSQL ti ṣe irú èyí tí ẹ nílò. Yàtọ̀ sí nọ́ńbà ẹ̀dà tí aráyé mọ̀, nọ́ńbà kan wà nínú kóòdù wọn tó ń jẹ́ CATALOG_VERSION_NO. Ọdún, oṣù àti ọjọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà kan níparí fún ọjọ́ tí àyípadà bá ju ẹyọ kan lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá yí tébù tí PostgreSQL fi ń tọ́jú ètò ara rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ sún nọ́ńbà yìí síwájú. Bí ẹlòmíràn bá wá kó kóòdù tuntun sórí fódà dátà tó ti wà nílẹ̀, sáfà rẹ̀ á kọ̀ láti dìde, òun náà á sì mọ̀ pé kí òun tún fódà dá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní dá àríyànjiyàn sílẹ̀, torí ọjọ́ òní ni nọ́ńbà. Bí ẹ bá wá ṣetán láti gbé e jáde, ẹ fún gbogbo àyípadà oṣù wọ̀nyẹn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún aráyé. Ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà fáìlì tuntun sínú ẹ̀dà kékeré tó wà fún àtúnṣe àṣìṣe. Ẹni tó ń gba àtúnṣe kò retí pé fáìlì òun máa yí.

Ohun tí ẹ kò béèrè ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí ẹ máa bá a pàdé. Mímọ fọ́máàtì tuntun kà yàtọ̀ sí fífi í kọ. Ní oṣù kìíní 2006, SQLite 3.3.0 jáde pẹ̀lú fọ́máàtì tuntun nínú, nọ́ńbà 4, tó lè to index, ìyẹn atọ́ka tó ń mú kí wíwá nǹkan yá, láti òkè wá sílẹ̀, tó sì ń fi àyè kékeré tọ́jú bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́. Ó mọ fáìlì àtijọ́ kà, ó mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n gbogbo fáìlì tuntun tó bá dá sílẹ̀, fọ́máàtì 4 ni, SQLite tó ṣáájú rẹ̀ kò sì lè ṣí i. Ẹni tí kò dá fáìlì tuntun pàápàá kò bọ́: bó bá ṣe VACUUM, tí a fi ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, VACUUM á tún fáìlì náà dá pátápátá ní fọ́máàtì tuntun. Ariwo pọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ọdún náà, 3.3.7 ti dá ohun gbogbo padà: fáìlì tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní fọ́máàtì 1, fọ́máàtì 4 sì di ti ẹni tó bá béèrè fún un. Oṣù kìíní 2012, nínú 3.7.10, ni wọ́n tó tún sọ 4 di ti gbogbo ayé. Ọdún mẹ́fà ni SQLite tó mọ 4 kà ti ń tàn ká, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà sì ti di ẹni à ń fi fìtílà wá. Fọ́máàtì kan náà ni o. Àkókò nìkan ló yàtọ̀.

Ìgbà tó yá, wọ́n tún gbọ́n sí i. Irú tébù tuntun méjì, WITHOUT ROWID tó dé nínú 3.8.2 ní 2013 àti STRICT tó dé ní 2021, wọn ò torí wọn sún nọ́ńbà fáìlì síwájú. Fáìlì tí kò bá ní irú tébù bẹ́ẹ̀ nínú kò ní ìṣòro kankan, èyí tó bá ní in nìkan ni SQLite àtijọ́ máa kọ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí SQLite àtijọ́ fi ń kọ̀ ọ́ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: ó ń sọ pé ètò inú dátábéèsì ti dàrú, ẹni tó bá sì rí ìyẹn lóru á rò pé dísíkì òun ló bàjẹ́. Nínú tiyín, ẹ wá ibì kan nínú orí fáìlì tí ẹ máa to orúkọ àwọn nǹkan tuntun tí fáìlì náà ń lò sí, kí sọ́fítíwíà tó bá rí orúkọ tí kò mọ̀ lè sọ pé, "Mi ò mọ èyí." Firebird, dátábéèsì mìíràn, náà ní tirẹ̀, ó pín nọ́ńbà fáìlì sí ńlá àti kékeré: Firebird 3 ń lo 12, Firebird 4 ń lo 13, Firebird 5 sì jẹ́ 13.1, torí àfikún ni ti ìkẹyìn, Firebird 5 ṣì máa ń ṣí fáìlì Firebird 4 láìjà.

Bí fọ́máàtì yín kò bá sì tíì dúró, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn. DuckDB, dátábéèsì mìíràn, lo ọdún púpọ̀ tí fáìlì ẹ̀dà kan kì í ṣí nínú òmíràn, wọ́n sì kọ ọ́ sójú táyé. Ní 2024 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí pé fáìlì tó bá ti wà kò ní di aláìṣeéṣí. Kò sẹ́ni tó bú wọn.

LẸ́TÀ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé oògùn la ní ní Láfẹ́nwá. A gbé dátábéèsì wa kúrò lórí MySQL 5.7 lọ sí 8.0 ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì wù wá. Ṣé a lè dá a padà?
*Olóògùn, Láfẹ́nwá*

ÈSÌ

Ọ̀nà tí ẹ gbà lọ kọ́ lẹ máa gbà padà. Nígbà 5.7, gbogbo tébù ló ní fáìlì kékeré tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí frm, níbi tí ìrísí tébù náà wà. 8.0 pa gbogbo ìyẹn rẹ́, ó kó ìrísí gbogbo tébù sínú ìwé atọ́ka kan nínú InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú dátà. Bí ẹ bá gbé 5.7 padà sórí fódà yẹn, á wá frm, kò ní rí i. Àwọn tó ni MySQL sì ti sọ ọ́ kedere pé àwọn kò fọwọ́ sí pípadà láti 8.0 sí 5.7.

Bí ẹ bá ní ẹ̀dà ìpamọ́ tí ẹ ṣe kí ẹ tó gbé e, ẹ gbé ìyẹn padà, kí ẹ fọwọ́ kọ títà ọ̀sẹ̀ kan náà sínú rẹ̀ láti inú rìsíìtì. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ fi ohun èlò mysqldump kó gbogbo rẹ̀ jáde bí ọ̀rọ̀ SQL, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún dátábéèsì, kí ẹ dà á sínú 5.7 tuntun tó ṣófo. Ẹ máa bá utf8mb4_0900_ai_ci, orúkọ ìlànà tí 8.0 fi ń to lẹ́tà, pàdé nínú rẹ̀ léraléra, 5.7 kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi utf8mb4_unicode_ci rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo kí ẹ tó dà á wọlé, kí ẹ sì ka iye ìlà inú tébù kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjèèjì kí ẹ tó ṣí ilé oògùn. Ṣùgbọ́n 5.7 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú láti oṣù kẹwàá 2023. Bó bá jẹ́ pé ó lọ́ra ni kò wù yín, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ iṣẹ́ tó ti ń lọ́ra àti bí tébù oògùn yín ṣe tóbi tó, kí ẹ tó dá ohunkóhun padà.